Òjìji Lẹ́nu Géètì

Alágídí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn màlúù rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Aláròyé, olórí wọn, kì í jẹ́ kí wọ́n fún wàrà òun àfi tí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ́kọ́ kí i dáadáa. Èmi àbúrò rẹ̀, kì í kí mi bẹ́ẹ̀!

Nígbà tó yá, wọ́n gbé òpó gogoro kan dúró sí oko aládùúgbò wa, ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ṣe iná mànàmáná. Abẹ̀bẹ̀ là ń pè é. Tí oòrùn bá ti yọ, òjìji apá rẹ̀ á máa gbá ẹnu géètì pápá wa kọjá, fìrì, fìrì. Màlúù á dúró gbagidi. Ebi ń pa wọ́n, koríko wà níwájú, wọn ò ní kọjá títí oòrùn á fi ga. Wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Mo lọ bá àwọn oní-Abẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní òjìji kò sí nínú àdéhùn tí àwọn bá aládùúgbò wa ṣe. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! A ṣí géètì nípò. Èmi ni mo gbẹ́ ihò rẹ̀, ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá tí oòrùn yà sápá ibòmíràn, òjìji tún bá wa débẹ̀. Inú bí mi débi pé mo sọ ọ́ lókùúta.

"Màámi, ẹ tà wọ́n," ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń wí. "Ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi."

"Kí n wá máa wo ògiri?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí wàrà ò tó tà mọ́, ó gbà.

Òwúrọ̀ ni ẹni tó rà wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé sínú pápá, torí ọkọ̀ náà ò lè wọ ọgbà tí àwọn màlúù ń sùn. Màlúù tún dúró lẹ́nu géètì. Ọkùnrin náà ń pòṣé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú pàṣán. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá tú ìborí rẹ̀, ó fi di Aláròyé lójú, ó gbá a lọ́rùn mú.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Aláròyé tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù tẹ̀ lé Aláròyé. Wọ́n kọjá o, gbogbo wọn pátá!

Mo figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá wọn padà! Aṣọ lásán la nílò látọjọ́ yìí!"

Wọ́n ti tilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Mo ti gbà láti tà wọ́n," ó ní. "Ẹyin lọ̀rọ̀."

Alágídí, ṣebí mo sọ fún yín. Ọkọ̀ gbéra, ìborí rẹ̀ ṣì wà lójú Aláròyé. Kò ní kí wọ́n dá aṣọ náà padà.