Iyán Tí Mo Kọ̀ Lójú Ẹgbẹ́ Àáró

Mo rántí ọyẹ́ ọdún tí mo pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta, nítorí pé èmi nìkan ni mò ń làágùn nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú wa ní apá Àgọ́-Àrẹ ń gbọ̀n, ètè àwọn ènìyàn ń bẹ́, àwọn àgbàlagbà ń daṣọ bora jókòó ti iná ní òwúrọ̀, èmi sì ń bọ́ ẹ̀wù. Ooru kan á ṣàdédé gbéra láti àyà mi, á gun ọrùn, á gba etí, òógùn á sì máa kán sórí ọkọ́ tí mo fi ń kọ ebè. Bí ooru náà bá lọ tán, àárẹ̀ ló máa ń fi sílẹ̀ fún mi, irú èyí tí oorun kì í wò. Èmi tí mo máa ń kọ igba ebè kí oòrùn tó mú, mo wá ń dúró ní ọgọ́rin, mo ń díbọ́n bíi pé ọkọ́ ló fẹ́ yọ.

Ara nìkan kọ́. Inú mi pàápàá kò dúró sójú kan mọ́. Mo lè jí tayọ̀tayọ̀, kí n tó fọ ẹnu tán kí ayé ti sú mi. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lémọ́ọ̀mù ń kéde pé kí á wá gbá àyíká mọ́sáláṣí ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ lásán, ni omijé bá ń dà lójú mi. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló wọ̀ mí lára, ó sì kan sáárá sí mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo mú àáké, mo gé igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa lulẹ̀ nítorí pé àwọn ẹyẹ ẹ̀gà tó wà lórí rẹ̀ ń pariwo. Abẹ́ igi yẹn ni ìyàwó mi máa ń jókòó sí láti bẹ ẹ̀gẹ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé àpótí rẹ̀ sínú oòrùn, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ. Mo sì tún bínú pé kò sọ nǹkan kan.

Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ nígbà náà. Àwọn ọmọ wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dàgbà, wọ́n ti fọ́n ká. Àkọ́bí wa, obìnrin, wà nílé ọkọ ní Ìsẹ́yìn. Àwa méjèèjì ló kù nílé. Bàbá wọn ni ó ń pè mí, Ìyá wọn ni èmi náà ń pè é. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, n kò kọ oúnjẹ rẹ̀ rí, àní bí a bá ń jà. Nílẹ̀ wa, ọkọ lè bínú, ó lè yan odì, ó lè lọ sùn sí pálọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀, ó ti fi ẹ̀sùn kàn án nìyẹn, kò sì níláti la ẹnu kí gbogbo àdúgbò tó gbọ́.

Ní ọyẹ́ náà, ohun tí ọkùnrin fi ń jẹ́ ọkùnrin nínú yàrá kò dá mi lóhùn mọ́. Ìyàwó mi ní kí n má dààmú ara mi, pé iṣẹ́ oko ló pọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ tí ó fi sọ ọ́ ló bí mi nínú. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é, ojú sì tì mí débi pé n kò lè wò ó lójú láàárọ̀. Dípò kí n sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, mo ń bá a jà nítorí iyọ̀, nítorí ìlẹ̀kùn tí kò tì, nítorí bí ó ṣe ń mí.

Àwa mẹ́fà tí a jẹ́ ẹgbẹ́ ni à ń jọ ṣe àáró: lónìí oko tèmi, bó bá tún yá oko tìrẹ, títí yóò fi yí kárí. Ní ọjọ́ kan tí a wà lóko ọ̀rẹ́ mi tí a jọ dàgbà, ó rí mi tí mo dúró ti ebè tí mo ń nu òógùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ọkùnrin tó bá ń làágùn nínú ọyẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ni ká yẹ̀ wò o. Àbí wọ́n ti fẹ́ sọ ọ́ di mùmù ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹ̀fẹ̀ náà délé, nígbà tí yóò fi di àṣálẹ́, ó ti di òótọ́ lọ́kàn mi.

Lọ́jọ́ kẹta, mo rí ohun tí mò ń wá. N kì í yọjú sí ilé ìdáná. Kí ni ọkùnrin ń wá níbẹ̀? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo yọ́ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì rí ìyàwó mi tó tú ọ̀rá kékeré kan, tó bu ẹ̀tù kan tó pọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ọbẹ̀ mi. Ó rò ó pọ̀, ó di ọ̀rá náà padà, ó sì fi í pamọ́ sábẹ́ agbọ̀n. N kò bi í pé kí ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ni í béèrè. Èmi kò fẹ́ mọ̀, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ di ẹ̀bi rù. Nígbà tí ó gbé oúnjẹ wá, mo ní mo ti yó. Lọ́jọ́ kejì, mo ní inú ń run mí. Nígbà tó ṣe, n kò wí àwáwí kankan mọ́, mo kàn ń jẹ́ kí ó gbé e padà bí ó ṣe gbé e wá.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òógùn náà kò dá. Àárẹ̀ kò lọ. Ẹni tó bá ní làákàyè ì bá ti mọ̀ pé, bó bá jẹ́ oúnjẹ ni, ó yẹ kí ara ti fúyẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ń sunkún, n kò rí ohunkóhun. Mo ní oògùn náà ti wọra ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí àáró fi kan oko mi. Ìyàwó mi gún iyán, ó se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó fi ọ̀kadà kó o wá bá wa lóko. Àṣà tiwa ni pé olóko ni í kọ́kọ́ bu òkèlè, kí àwọn tó wá ràn án lọ́wọ́ tó ki ọwọ́ bọ àwo. Ó kúnlẹ̀, ó gbé omi ìfọwọ́ síwájú mi. Àwọn márààrún ti fọ ọwọ́, wọ́n ń wò mí. Èmi ká ọwọ́ mi sáyà.

Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu òkèlè. Ebi ń pa wọ́n, ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Mo ní, "Kí ẹni tó sè é kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi tó ṣe ẹ̀fẹ̀ ọjọ́sí gbójú sílẹ̀. Ìyàwó mi fọ ọwọ́, ó bu òkèlè kan létí iyán mi, ó fi kan ọbẹ̀, ó gbé e mì lójú gbogbo wa. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ekuru orúnkún rẹ̀ nù, ó sì gba ọ̀nà títì lọ láìmú abọ́ kankan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti wà nílé ìyá rẹ̀ ní Ìwéré-Ilé. Èmi náà kò jẹ iyán ọjọ́ yẹn. Ìtìjú kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni òòyì kọ́ mi lóko, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì gbé mi lọ sí ọsibítù kan ní Ṣakí. Dókítà tó yẹ̀ mí wò jẹ́ obìnrin, kò ju àkọ́bí mi lọ. Ó bi mí nípa oorun, nípa ìbínú, nípa yàrá. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi wo ògiri. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ní kí n padà wá gbọ́ èsì.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà náà, ó ní, "Bàbá, kì í ṣe obìnrin nìkan ni ara rẹ̀ máa ń yí padà bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ń fún un lágbára, tó sì ń mú inú rẹ̀ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ló ń dín kù. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í hàn, ṣùgbọ́n tiyín ti lọ sílẹ̀ jù. A óò tọ́jú rẹ̀. Ẹ máa sùn dáadáa, ẹ sì máa jẹ oúnjẹ gidi nílé."

Mo bi í bóyá oúnjẹ lè fà á. Ó ní, "Oúnjẹ báwo, Bàbá?"

Lójú ọ̀nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi sọ ohun tí kò sọ rí. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọjọ́ orí mi, òun a máa lọ jókòó sínú ahéré kí ẹnikẹ́ni má bàa rí òun níbi tí òun ti ń sunkún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ta ló sọ fún èmi?" Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, àwa ọlọ́ya ló ń fi pamọ́ fún ara wa.

Àsìkò kajú ni a lọ sí Ìwéré-Ilé. Ìyàwó mi wà lábẹ́ igi, ó ń já ọmọ kajú kúrò lára èso, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bá mi bẹ̀bẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ẹ̀tù tí mo rí. Ìyàwó mi nu ọwọ́, ó wọlé, ó sì mú ọ̀rá kékeré náà jáde láàárín ẹrù tó kó wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Ó ní, "Edé lílọ̀ ni, Bàbá wọn. Ọmọ yín ló fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn. Ó ní ẹ ti rù, kí n máa bù ú sí ọbẹ̀ yín."

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ti àìsàn. Lọ́jọ́ kẹta, ó tẹ̀lé mi padà sílé, mo sì rò pé ó ti parí.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. Ooru náà ti lọ, inú mi ti ń dúró sójú kan, mo sì ti sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àáró wa láìfi nǹkan kan bò, kí ẹni tó bá kàn má bàa ṣe bí mo ti ṣe. Mo gbin máńgòrò mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé. Kò tíì ní ìbòòji tó gba ènìyàn. Ìyàwó mi kò bá mi jà rí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá mi tọ́jú oògùn mi. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ó padà dé, ó gbé iyán síwájú mi, ó fọ ọwọ́, ó bu òkèlè kan létí rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì, kí ó tó ti àwo náà sọ́dọ̀ mi. Mo ní kí ó dákun. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Láti ọjọ́ náà, kò sí oúnjẹ kan tí ó gbé fún mi tí kì í kọ́kọ́ tọ́ wò. Àwọn àlejò rò pé ìfẹ́ ni, wọ́n a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu gan-an kò gbàgbé, nítorí ìyàwó mi kì í jẹ́ kí n gbàgbé. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú mi. Ní alẹ́ àná, ó tún jẹ òkèlè tirẹ̀ tán, ó ní kí n máa jẹun, pé ó ti ń tutù. Mo wo ojú ibi tí ìka rẹ̀ ti bu iyán náà. Ibẹ̀ ni èmi náà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.