Wọ́n Ní Àwọn Bá Bàbá Mi Tún Ìlù Ṣe

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí inú ṣì ń bí mi di ìsinsìnyí!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Pedro, ẹ mọ bàbá mi. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti gbé sákárà wá sí Ṣómólú, ìlù pẹlẹbẹ alámọ̀ tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò. Àwọn ni ọ̀gá onísákárà ládùúgbò wa. Lọ́dún yìí ni ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi tí wọ́n ti lè ká ìlù àwọn sílẹ̀, káwọn ọmọ mi lè máa gbọ́ ọ tí ọwọ́ náà bá kọ̀ pátápátá.

Mo mú wọn lọ sí sítúdíò kan ní Bárígà. Bàbá lùlù o! Ọwọ́ ò gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹkún ayọ̀ ni mò ń sun.

Lọ́jọ́ kẹta, a padà lọ gbọ́ ọ. Bàbá fetí sí i díẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n béèrè pé ta ló ń lù ú. Mo ní àwọn ni. Wọ́n ní àwọn kọ́!

Ṣé ẹ rí i, bàbá mi máa ń dá ọwọ́ dúró díẹ̀ kí wọ́n tó já ìlù lulẹ̀, kí olórin lè ráyè mí. Ibẹ̀ gan-an làwọn èèyàn ti máa ń pariwo! Ọ̀gbẹ́ni tó ká ìlù náà sílẹ̀ ní sítúdíò yìí ti fi kọ̀ǹpútà fa gbogbo ẹ̀ gún, ìdádúró yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó tún ń rẹ́rìn-ín!

"Àǹtí, mo notice pé bàbá ń pẹ́ kí wọ́n tó lu bíìtì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ orí ni, mo ti bá wọn tún un ṣe. No wàhálà."

Ọjọ́ orí kẹ̀! Ẹni tó ti ń lùlù kí wọ́n tó bí bàbá ẹ! Mo ní kó gbé èyí tí bàbá lù gan-an jáde. Ó ní òun ti pa á rẹ́, àyè ò sí mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ariwo tí mo pa, wọ́n gbọ́ ọ dé títì.

Bàbá ní kí n dákẹ́, àwọn á tún un lù. Wọ́n gbé sákárà sọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún gbọ̀n, igi ìlù bọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Wọ́n wá rọra sọ pé kí n pa èyí tí ọ̀gbẹ́ni náà tún ṣe, tó ti fi sí fóònù mi, rẹ́, káwọn ọmọ mi má rò pé bí àwọn ṣe ń lù nìyẹn. Mo pa á rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní àgbà tó mọṣẹ́ nílé, ẹ fi fóònù yín ká a sílẹ̀ lónìí, tòun ti ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tún un ṣe! Ṣé wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ fún yín rí? Ẹ sọ tiyín fún mi, ká jọ bínú.

Lánàá, àbígbẹ̀yìn mi ní kí n ṣe bí ìlù bàbá àgbà ṣe ń dún fún òun. Mo fẹnu ṣe é. Kò jọ ọ́ rárá.