Gèlè Màmá Nínú Ìbọn Bàbá

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Òsí, tí ìbọn ṣakabùlà bàbá mi ga jù mí lọ, àgbọ̀nrín kan ń jẹ oko ẹ̀wà màmá mi. Bí ewé bá rú lónìí, ẹran náà á ti jẹ ẹ́ kó tó di ọ̀la. Ẹ̀wà yẹn sì ni oúnjẹ wa fún gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbọn Bàbá ti là lẹ́nu, kò ṣeé yìn mọ́. Màmá ní kó tètè wá òmíràn, kí àgbọ̀nrín má baà wá bá wa jókòó ti àwo.

Bàbá gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kan ní Ìdòfin. Etí mi tó mú ló jẹ́ kó gbé mi dání, torí ìbọn tó dára, dídún rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi idẹ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ nídìí, ojú Bàbá kò kúrò lára rẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ lu irin rẹ̀, ó dún bí ìkòkò tó sán. Èkejì kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n ó dún gaara bí agogo ilé ìwé. Mo ní èyí ni. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo kọjú rẹ̀ sí alágbẹ̀dẹ, Bàbá sì gbá mi lọ́wọ́. Ó ní ìbọn ní apátí tí a fi ń yìn ín, kò ní apátí, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun.

Bàbá ra èyí tí mo mú. Ẹ̀tù ńkọ́? Bàbá bu díẹ̀ sórí òkúta, ó ṣáná sí i. Èyí tó jó wúyẹ́wúyẹ́ tó fi ìdọ̀tí sílẹ̀, kò gbà á. Èyí tó bú gbàù lẹ́ẹ̀kan tí òkúta sì mọ́, òun ló mú. Iṣẹ́ tèmi ni láti sá a sóòrùn jìnnà sí ààrò Màmá, kí n sì máa lé adìẹ. Àwọn kan ní kó ki ọta wẹ́wẹ́ púpọ̀ sínú ìbọn. Ó ní òun kò fẹ́ ẹran tí a óò máa jẹ tí eyín á máa ká. Ọta òjé ńlá kan ṣoṣo ni. Èmi ni mo yí wọn lórí pákó, mo sì ṣa èyí tó wọ́ sọ́nù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí n mú ìhá wá, ìyẹn pàǹtí ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀, tí a fi ń dí ẹ̀tù mọ́nú ìbọn kí ọta tó wọlé. Màmá ti fi gbogbo ìhá dáná. Oòrùn ti ń wọ̀, bí Bàbá kò bá tètè lọ, ẹ̀wà tún di ti àgbọ̀nrín. Mo wọ yàrá, mo gé etí aṣọ kan tó rọ̀, mo ká a mọ́ra, mo gbé e fún un. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, gèlè tí Màmá fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìró ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bàbá gbé àgbọ̀nrín dé, ó sì na àkísà tó jó lápá kan síta, ó ń bi wá ìgbà tí ìhá bẹ̀rẹ̀ sí í ní òdòdó. Màmá wò ó, ó wọ yàrá, ó jáde pẹ̀lú gèlè rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo nawọ́ sókè, òórùn ẹran ń fẹ́ sí mi nímú.

Nílé wa, gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ nínú ẹran ìgbẹ́ ló ní ìpín níbẹ̀. Bí Bàbá ti ń pín in, Màmá jókòó tì í, ó fi orúkọ mi pè é.

“Bàbá Fúnmi, gèlè mi wà níbẹ̀ nígbà tí ẹran yìí kú. Ẹ yọ ìpín tirẹ̀.”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Odidi itan ló yọ fún gèlè. Nígbà tó jiná, Màmá fi ègé àkọ́kọ́ sí mi lẹ́nu, ó ní kí n má sọ ọwọ́ kalẹ̀ o.

Lónìí, inú firísà ní Ìlọrin ni mo ti ń ra adìẹ. Àwọn ọmọ mi kò mọ ẹni tó pa á, kò sì sẹ́ni tó ń bèèrè ìpín. Màmá ti lọ, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Èmi ni mo ń wé gèlè náà báyìí. Àwọn ọmọ ní kí n ká etí tó gé yẹn sínú, mo ní rárá. Ìta ni mo máa ń yí i sí, torí gèlè tó ti pa àgbọ̀nrín rí ni.