Ọlọ́run Tí Mò Ń Pè ní Ẹ̀yin

Ọmọ ọwọ́ tí mo pọ̀n sẹ́yìn wà lára àwọn tí mo kọ́kọ́ ń pè ní "ẹ". Ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí nígbà náà, nílé obìnrin kan ní Ọ̀jọ́, òfin ilé náà sì ni pé mi ò gbọdọ̀ fi "o" bá ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí síbẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ọmọ náà bá ń ké, màá máa jó kiri àgbàlá, màá ní, "Ẹ má sunkún mọ́, sà, màmá yín ń bọ̀." Ọmọ tí kò tíì hu eyín! Àwọn ará ilé kejì á máa rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, torí ìgbájú ni ẹ̀san ẹni tó bá gbàgbé.

Nígbà tí mo fi kúrò nílé yẹn, tí mo kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tí mo lọ́kọ, tí a sì gba yàrá kan ní Igbó-Elérin, "ẹ" ti wọ̀ mí lẹ́nu bí iyọ̀ ṣe ń wọ ẹja. Oníbàárà tí mo lè bí lọ́mọ, "ẹ" ni. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó mú ṣòkòtò wá kí n bá a dín in kù, "ẹ" ni. Kì í ṣe pé mo jẹ́ onírẹ̀lẹ̀ o. Ẹnu mi mú. Mo lè fi "ẹ" bú èèyàn títí ara rẹ̀ á fi bó. Ọkọ mi a máa sọ pé èmi nìkan ni òun mọ̀ láyé tó máa ń kúnlẹ̀ jà.

Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń parí lọ, ìjọ tí à ń lọ ní Ìbà kò tíì ní ilé tirẹ̀. Kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan la ń lò, àwa àgbà á ká eékún sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé. Ìyàwó pásítọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ìyá ìjọ, ló ń ṣáájú àdúrà àwọn obìnrin nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Wọ́n fẹ́ràn mi, mi ò mọ ohun tí wọ́n rí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n bá wọn ṣí àdúrà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà, Ọlọ́run Bàbá wa. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú wa. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú pé èmi ni wọ́n ní kó wá bá yín sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀yìn ló ti kọ́kọ́ dún, ó wá kárí. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ̀ ọ́n: a máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba, a máa ń pe ọba ní "ẹ̀yin", ṣùgbọ́n tí a bá dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run tó dá ọba, "o ṣé" la máa ń wí. Èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ẹnu tèmi ni ò gbà á. Nígbà tí a parí, bàbá kan tó jẹ́ alàgbà, tó gbọ́ gbogbo ẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní, "Ọlọ́run mélòó lò ń bá sọ̀rọ̀? Ọ̀kan ṣoṣo la ní nínú ìjọ yìí. Ẹni tó bá pè é ní 'ẹ̀yin' ti sọ ọ́ di púpọ̀ nìyẹn."

Nínú mi lọ́hùn-ún, mo dá wọn lóhùn pé mẹ́ta ni: Bàbá, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Lẹ́nu, mo ní, "Ẹ má bínú, sà." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo sunkún. Inú ń bí mi, ojú ń tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Ọlọ́run ní àwọn ọmọ tó bí, àwọn yẹn lè wí pé "o". Ní tèmi, ipò ọmọ ọ̀dọ̀ ni mo bá wọlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ á gbálẹ̀, kì í wá jókòó sí pálọ̀ kó máa bá onílé tàkúrọ̀sọ. Mo bá ń gbálẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo ti gbá kíláàsì, mo ti nu pátákó. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ìgbàkígbà tí ìyá ìjọ bá tún ní kí n wá ṣáájú àdúrà, màá ní, "Èmi kọ́, mà. Ẹ wá ẹni tó tó o." Wọ́n pè mí títí, wọ́n dákẹ́.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá, àìsàn wá dá pásítọ̀ wa dùbúlẹ̀. Gbogbo ìjọ gbààwẹ̀. Ìyá ìjọ ló ń ṣáájú, ohùn wọn kì í yẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń tú aṣọ kan tí mo rán dàrú, mo bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láti ojú títì. Ọsibítù ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọn ò tiẹ̀ kí mi.

"Gbàdúrà fún mi."

"Èmi kẹ̀, mà? Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe alàgbà."

"Mi ò wá alàgbà. Láti àná ni mi ò ti lè gbàdúrà. Tí mo bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ níbẹ̀ ò ṣe é sọ níwájú Ọlọ́run. Ìwọ ni mo wá bá."

"Mà, ẹ mọ̀ pé èmi ò yẹ..."

"Ṣé mo bi ẹ́ bóyá o yẹ ni?" Ohùn wọn le. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu wọn rí. "Ta ló yẹ? Èmi tí mò ń kọ́ yín, ṣé mo yẹ báyìí? Ilé ń jó, o wá dúró, ò ń bi mí pé ta ló tọ́ sí láti pọnmi!"

Mo kúnlẹ̀ láàárín ègé aṣọ tó kún ilẹ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, sà, Bàbá wa, ẹ dákun, ẹ wo ìyá wa..." Mo bá wojú wọn. Obìnrin tó ti bá gbogbo wa gbọ́mọ jó, tó ti bá gbogbo wa sunkún, ló rù hangogo lórí àpótí mi yìí. Inú bí mi, kì í sì í ṣe sí èèyàn kankan. Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi.

"Ọlọ́run, kí lo fẹ́ kí obìnrin yìí ṣe tí kò tíì ṣe? Ṣé o ò rí i ni? Wò ó! Wò ó dáadáa! Wá dì í mú!"

Mo gbọ́ ohun tí mo wí, ẹ̀rù bà mí. Mo di ojú pọ̀, mò ń retí ìgbájú. Kò wá. Ọkọ̀ ń kọjá lọ sí Òkòkomáíkò, ìyá ìjọ ń sunkún, wọ́n ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n dìde, wọn ò ní mo káre. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní àwọn ń padà sí ọsibítù.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn síwá sẹ́yìn. "Ẹ" tí mò ń wí tẹ́lẹ̀ ò burú. Ọ̀wọ̀ wà nínú ẹ̀, Ọlọ́run tó sì gbọ́ Ègùn tó gbọ́ Ìgbò ò lè ṣì mí gbọ́, ohun yòówù kí alàgbà sọ. Ìbẹ̀rù tí mo fi ń sọ ọ́ ló ń dè mí. Ẹni tó ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé òun jáde kì í ráyè bèèrè nǹkan kan fún ẹlòmíràn. Gbogbo àdúrà tí mo ti ń gbà, "ẹ má bínú sí mi" ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Pásítọ̀ wa kú kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí. Èrò kan wọ̀ mí lọ́kàn pé èmi ni mo ba nǹkan jẹ́, pé àfojúdi tí mo ṣe sí Ọlọ́run ló fà á. Díẹ̀ ló kù kí n padà sídìí ìgbálẹ̀ mi, kí n má yọjú mọ́.

Ọjọ́rú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, àwa obìnrin pé. Ìyá ìjọ wọlé pẹ̀lú aṣọ dúdú, wọ́n sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá. Wọn ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ látìgbà tí a ti sin ọkọ wọn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ síwájú. Gbogbo wa ń wo pátákó bí ẹni pé nǹkan wà lára ẹ̀. Mo dìde, torí mi ò lè wo ìyá náà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe nǹkan kan.

Àdúrà mi ò gùn. Mo sọ fún Ọlọ́run pé ó dùn wá, pé kò yé wa, pé kó má fi ìyá wa sílẹ̀. Mi ò rí nǹkan mìíràn sọ mọ́. Mo ṣe àmín, mo yíjú kí n padà sí àyè mi.

Ohùn kan ti ẹ̀yìn wá, ó ti há.

"Tún un gbà fún mi," ni ìyá ìjọ wí.