Tàǹtí Mi Dá Èémí Dúró

Bí mo bá ti gbọ́ tí ènìyàn fa èémí sínú, ẹ̀rù á máa bà mí títí yóò fi mí síta. Tàǹtí mi, àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní àdúgbò Titirou, ló kó ìpayà yìí bá mi.

Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á dijú, wọ́n á máa ṣe yógà, eré ìdárayá fífa èémí sínú àti mímí síta, tí ohùn obìnrin kan ń kọ́ wọn nínú fóònù. Mo ní kí wọ́n wá olùkọ́ tó lè fojú rí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ta ló kọ́ ìkókó ní mímí?"

Ṣùgbọ́n ilé kéú ni wọ́n ti kọ́ Tàǹtí. Níbẹ̀, bí aláàfáà ò bá tíì ní kí o dákẹ́, o ò gbọdọ̀ dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ohùn náà ní kí wọ́n dá èémí dúró, ni bátìrì fóònù bá kú. Tàǹtí ò mira. Ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dú, omijé ń ṣàn. Mo gbá wọn lẹ́yìn.

"Tàǹtí, ẹ mí!"

Wọ́n mí. Wọ́n wá ń wò mí tìtìjú-tìtìjú, bí ẹni tó ṣẹ̀.

"Obìnrin yẹn ò tíì ní kí n mí."