Orúkọ Tí Àríkẹ́ Kò Lè Tẹ̀

Ẹ má fi Àríkẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú mi. Èmi tí mo jókòó tì í nídìí kọ̀ǹpútà nílé iṣẹ́ wa ní Iganmu lọ́dún 1978, èmi nìkan ni mo lè fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ìyá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló tọ́ ọ. Àríkẹ́ mọ iṣẹ́, àmọ́ kì í pe ẹnikẹ́ni nílé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Gbogbo ọmọ tó bá nílé náà, ọkọ rẹ̀ ni.

Òun ló ń ya ààyè sọ́tọ̀ nínú ẹ̀rọ fún àkọsílẹ̀ ọjà ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, táá sì fi orúkọ máníjà ibẹ̀ sọ ààyè náà. Ọ̀gá wa, Ògúntádé, ló ń tẹ orúkọ kan náà sínú ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ̀rọ ò ní rí ibi tí yóò ti mú nǹkan jáde. Nígbà tí a ṣí ẹ̀ka Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ta ni wọ́n fi ṣe máníjà? Oyèníran, àbúrò ọkọ Àríkẹ́!

Wọn ò tíì gba Àríkẹ́ síṣẹ́ pátápátá nígbà náà, ọkọ rẹ̀ ò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀rọ kọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó tò síta, a ò mọ ọjà tí a ó kó fún wọn.

"Àríkẹ́! Ibo lo fi Oyèníran sí?" ọ̀gá kígbe.

"Wọ́n wà níbẹ̀, sà. Adúmáradán ni mo kọ."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkọ mi kékeré ni, sà. Orúkọ tí mo sọ wọ́n nìyẹn. Mo fẹ́ sọ fún yín láàárọ̀ yìí, ẹ ti tan ẹ̀rọ kí n tó dé."

"Yí i padà kíá, àbí kó o máa lọ sílé!"

Ó jókòó. Ó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"O ò kúkú pè é lẹ́nu," mo ní.

"Àǹtí Hilda, ọwọ́ mi ò gbà." Ó ń sunkún, ó sì mú báàgì rẹ̀.

Inú bí mi sí ọ̀gá, sí ẹ̀rọ, àti sí ìyá àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ pàápàá.

Ọ̀gá wò ó títí. "Ìyá mi wọ káà ilẹ̀, kò pe orúkọ àbúrò bàbá mi rí," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Gbé báàgì yẹn sílẹ̀."

Ó fa àga, ó pa Oyèníran rẹ́ nínú ìlànà tirẹ̀, ó sì tẹ Adúmáradán. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Iṣẹ́ rẹ ṣì wà," ó ní. "Àmọ́ gbogbo wa ti di ìyàwó ilé wọn báyìí."