Àyè Kan Nínú Orin Gààrí

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni mo mú olùdarí akọrin ìjọ wa lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ Sátidé kan. Òun fúnra rẹ̀ máa ń kọ orin, ó sì ti pinnu pé orin tí àwọn obìnrin fi ń yan gààrí kò ní parun lójú òun. Nínú àwọn tí mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n délẹ̀, àìsàn sì ti ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá ti wúkọ́ báyìí, màá sáré bu omi fún un.

Ó kọ ọ́ fún wa, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un kọ. Ó tún un kọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ mìíràn ló gbé síbẹ̀, ó fi bú aládùúgbò tí adìẹ rẹ̀ ń jẹ gààrí. Nígbà tó tún gbé e, èmi àti àlejò mi ló fi kọ. Olùdarí wa dìde, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín ààrò àti kànga.

“Mọ́mì, èwo gan-an ni orin náà?”

“Gbogbo rẹ̀ ni,” ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. “Ẹni tó bá wà nídìí agbada ló ń fi tiẹ̀ sí i.”

Lójú ọ̀nà ilé, mo ní kí olùdarí ṣáà mú ọ̀kan kó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, n kò rí ìwé kankan, inú ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú kí òjò tó dé.

Ní ìsìn ìsìnkú rẹ̀, a kọ orin náà ní ohùn mẹ́rin, gbogbo ẹsẹ tó kọ fún wa, títí wọ́n fi tán. Dùùrù kò dákẹ́. Ọwọ́ olùdarí ṣì wà lókè. Kò sí ohun tó kù nínú ìwé wa ju àyè kan tó ṣófo lọ. Àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn. Ìgbà náà ni ìyá mi, àbúrò olóògbé, di bẹ́ǹṣì iwájú mú, ó dìde, ó sì gbé ẹsẹ kan nípa ẹ̀gbọ́n tó máa ń pọ̀n ọ́n lọ sódò tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀gẹ́. Gbogbo ìjọ gbè é.

Mo ti rò pé kí a ti orin mọ́ inú ìwé ni kí a tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀rù ikú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń bà mí nígbà náà. Ní báyìí, ohun tí kì í jẹ́ kí n jókòó jẹ́jẹ́ ni pé ọjọ́ kan ń bọ̀, dùùrù yóò máa dún lọ, yóò sì kàn mí láti gbé ẹsẹ tèmi.